Mo fi owó ra owó ní Berlin

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba arìnrìn-àjò nímọ̀ràn pé kó má lọ síbi tí àlejò ń lọ, pé kó wá ilé ọtí kọ́rọ̀ tí àwọn ọmọ onílùú ti ń mu, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ tiyín. Ẹ wá wo ohun tó bá mi.

Oṣù kọkànlá ni mo lọ sí Berlin. Àdúgbò Wedding ni mo dé sí, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Togostraße. (Orúkọ yẹn kì í ṣe ti ìfẹ́. Àwọn Jámánì ló gba Togo lọ́dún 1884, wọ́n sì wà lórí rẹ̀ títí di 1914. Ìyẹn náà tó bínú sí, àmọ́ kì í ṣe òun ló gbé mi dé ibí.) Lálẹ́ ọjọ́ kejì, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, òtútù wọ̀ mí léegun, mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan tí wọ́n ta kọ́tíìnì bò pátápátá. Ká ní ọkùnrin kan ò ṣílẹ̀kùn jáde, kí ẹ̀rín sì bá a jáde, mi ò bá má mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Kneipe ni wọ́n ń pe irú ilé ọtí kọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọlé.

Èéfín sìgá ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, bí ẹni pé mo wọ ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja. Òfin ló gbà á fún wọn: tí ilé ọtí bá jẹ́ yàrá kan péré, tí kò tó mítà oníhà mẹ́rin 75, tí wọn ò se oúnjẹ, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò sì wọbẹ̀, kí kálukú máa fín ara rẹ̀ lọ.

Kí n má purọ́, ibẹ̀ dùn. Ìyá àgbà kan ló ń ta ọtí. Ife bíà kọ̀ọ̀kan tó bá gbé fún mi, á fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sétí páálí róbótó tí ife náà jókòó lé. Bàbá kan sún àga fún mi láìbi mí pé níbo ni mo ti wá. Àpótí irin kan wà lára ògiri, tó ní ihò tóóró-tóóró, nọ́ńbà wà lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Bàbá ní àwọn oníbàárà ló ń ju owó sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á pín in kí Kérésì tó dé. Mo bú sẹ́rìn-ín. Àjọ nìyẹn! Alájọ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri! Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura pé ibi tí mo wà yìí, owó tó ń dún ni wọ́n mọ̀.

Ìlà mẹ́ta pé, ó di 12 Yúrò. Mo na káàdì. Ìyá wò mí bí ẹni tí wọ́n na ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. “Nur Bargeld.” Owó tó ṣeé kà lọ́wọ́ nìkan. Mo na fóònù, ó mi orí. Mo wo ara ilẹ̀kùn, mo wo ara káńtà, mo wo ibi àpótí àjọ: kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí!

Ní Bódìjà, ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì ń gba tíráńsífà. Nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà lára páálí, gàdàgbà gadagba. Alágbo jẹ̀díjẹ̀dí ní POS. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fún gbogbo ayé wá jẹ́ kí n jókòó bí olè níwájú ìyá arúgbó. Ẹ fẹ́ owó bébà, kò burú, ilé yín ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀kùn! Ìlà kan ṣoṣo ni!

Mo fi fìlà mi dógò kí wọ́n má baà rò pé mo fẹ́ sá, mo forí òfìfo bọ́ sínú òjò. Ẹ̀rọ ATM tí mo rí ní òun á gba 5.99 Yúrò kí òun tó pọ owó. Mo dúró, mo ń wò ó. Oṣù kejì ọdún 2023 ni mo rántí, nígbà tí náírà di ọ̀wọ́n gógó, tí mo fi 6,000 ra 5,000 lọ́wọ́ oní-POS. Mo ní mi ò tún ní fi owó ra owó mọ́ láyé mi. Mo tún rà á.

Bébà 50 kan ṣoṣo ló pọ̀. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó wojú mi: “Ẹ ò ní kéékèèké?” Àbí Òṣòdì ni mo wà ni? Àbí kọ́ńdọ́ ni? Ó dúró tú dúrọ́ọ̀ pẹ́, ó fún mi ní bébà 20 kan, ó ka 18 tó kù fún mi ní owó onírin.

14 nínú rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ẹ̀wù òtútù mi, ẹ̀wù tó ń rùn sìgá títí di òní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó o lọ bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sábó. Wọ́n dà á sọ́wọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní bébà nìkan làwọn ń gbà.