Àsíá Tó Ti Di Àkísà Lórí Òpó

Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ da ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba tí wọ́n fi kan àwọn ọmọdé nítorí ìwọ́de ebi àti ìyà nù, àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá sí kóòtù l'Ábújá sì padà sílé. Kò tilẹ̀ yẹ kí wọ́n dé ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àsíá Rọ́ṣíà tí àwọn ọ̀dọ́ gbé níbi ìwọ́de náà lóṣù kẹjọ ọdún 2024, tí wọ́n torí rẹ̀ mú àwọn télọ̀ ní Kánò, kò tíì tán lójú tiwa.

A ti kọ ọ́ lójú ewé yìí rí, a tún ń kọ ọ́: àsíá Nàìjíríà tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba l'Ábújá ti di àkísà. Àwọ̀ ewé ti ṣá, funfun ti pọ́n bí eruku ọ̀nà. Ta ni wọ́n mú nítorí ìyẹn?

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò le. Etí tó jìnnà sí òpó ló ń kọ́kọ́ gbó, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń nà án bí pàṣán. Kí télọ̀ ṣẹ́ etí náà po lẹ́ẹ̀mejì, kó sì rán an ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú, kí wọ́n tètè tún un rán. Bó bá ti ya dé ibi funfun, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n máa ta òróró sí kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà lókè òpó, torí bó bá dípẹtà, okùn á há, àsíá á dúró sí àárín òpó, àwọn tó ń kọjá á sì máa bi ara wọn pé ta ló kú.

Àwọn baba wa tó ń fi owó ẹyọ pàrokò mọ èyí. Ẹyọ mẹ́fà lórí okùn ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí okùn bá tú tí ọ̀kan já bọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ló dé ọwọ́ ẹni tí a rán an sí. Àrokò ni àsíá tí Táíwò Akínkúnmi yà: ewé fún oko wa, funfun fún àlàáfíà. Òun fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 2023, ó sì tó ọdún kan kí wọ́n tó sin ín! Ọmọ Kánò tí ebi ń pa, tó gbójú sókè tó rí àkísà lórí òpó ìjọba, kí ni ẹ ní kó kà níbẹ̀?

Kí ọ̀gá ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan jáde wo òpó tirẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kó tó jókòó. Aṣọ tuntun kan àti òróró díẹ̀ ló gbà. Owó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ yẹn wá sí kóòtù ju ìyẹn lọ.