Owó epo tó dànù kọ́ là ń wí o

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí jàre. Tánkà dísẹ̀lì tó ṣubú lójọ́sí, tí epo ẹ̀ ṣàn wọ odò kékeré ẹ̀yìn àdúgbò wa níbí l'Abuja, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn ò ju "háà, oní-tánkà ti jẹ gbèsè". Oní-tánkà kẹ̀? Ta ló ń ṣírò ti ìyá alákàrà iwájú ilé wa, tó jẹ́ omi kànga etí odò yẹn ló fi ń bó ẹ̀wà lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá di pé àfẹ̀mọ́jú ló ń dúró de mai ruwa (àwọn tó ń ta omi kiri), kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lójúmọ́, àwọn mai ruwa náà ò sì fi ṣeré, bí wọ́n ṣe gbọ́ pé kànga ń rùn ni wọ́n fowó lé omi. Ẹ ṣe é ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ka iye ilé tó wà létí odò, ká má tíì kan àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ sí fadama, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà etí odò, tí ẹnikẹ́ni ò ra tẹ̀tẹ̀ wọn mọ́, kódà èyí tí epo ò kàn rárá.

Nígbà tí páìpù epo kọ́ńpìnnì Enbridge bẹ́ ní Michigan l'Amẹ́ríkà ní 2010, nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 843,000 ló tú jáde tó wọ odò Kalamazoo. Lówó ọjà ìgbà yẹn, epo ọ̀hún ò lè pé mílíọ̀nù dọ́là méjì. Owó tí wọ́n fi tún odò ṣe ńkọ́? Ó lé ní bílíọ̀nù dọ́là kan! Epo tó wúwo ni, ó rì, wọ́n wá ń kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò.

Tiwa l'Ógóni, UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ ní 2011 pé benzene, kẹ́míkà olóró tó máa ń wà nínú epo, tó wà nínú omi kànga kan ní Ogale ju ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Èèyàn ń mu ún o. Àgbá epo mélòó lẹ fẹ́ fi díwọ̀n ìyẹn?

Wọ́n ti ṣí iṣẹ́ wíwa epo ní Kolmani láàárín Bauchi àti Gombe láti November 2022, omi dáàmù Dadin Kowa lórí odò Gongola sì ni Gombe ń mu. Ẹ lọ bá àwọn apẹja odò yẹn báyìí, kí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀, ẹ kọ iye tí wọ́n ń pa lóṣù sílẹ̀, torí tí epo bá dà tán, lọ́yà kọ́ńpìnnì á ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, ta ló sì ń já rìsíìtì fún ẹja àrọ̀?