Marielle Franco ò fẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn olóró kankan rí o

Ẹ̀yin èèyàn mi, mẹ́sééjì tó ń lọ kiri pé Marielle Franco, kánsẹ́lọ̀ ìlú Rio de Janeiro ní Brazil tí wọ́n yìnbọn pa òun àti dírẹ́fà ẹ̀ ní March 14, 2018, ti fẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn olóró rí, pé Comando Vermelho, ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń ta oògùn olóró níbẹ̀, ló gbé e wọlé ìbò, irọ́ ni. Mi ò bá ẹni tó pín in wí ṣá, wọ́n kọ ọ́ bíi pé òótọ́ ni. Maré, àdúgbò àwọn tálákà ní Rio, ni wọ́n ti bí i, ó kàwé ní yunifásítì PUC-Rio, ó wá bá aṣòfin Marcelo Freixo ṣiṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jáde dupò kánsẹ́lọ̀ ní 2016, ìbò 46,502 ló ní. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí sáìtì TSE, àjọ elétò ìdìbò wọn. Ọlọ́pàá àtijọ́ méjì ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú ẹ̀ ní October 2024. Gúrúùpù tẹ́ ẹ bá ti rí irọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí síbẹ̀.