Fáìlì .exe tí kò ṣí lórí Linux kò bàjẹ́

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé àfi kó ra òmíràn, torí pé fáìlì .exe, ìyẹn fáìlì tí a ń tẹ̀ láti ṣí software Windows, kò ṣí lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows) tàbí Mac rẹ̀. Kò sóhun tó ṣe kọ̀ǹpútà yẹn. Kò sóhun tó ṣe fáìlì náà. Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Bí software bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ yín pamọ́ tàbí kó fi nǹkan hàn lójú kọ̀ǹpútà, kì í dá a ṣe. Windows ló máa ń ké sí pé kó bá òun ṣe é, orúkọ tí Windows mọ̀ ló sì fi ń ké sí i. Tó bá wá bára rẹ̀ lórí Linux, á pè títí, kò ní sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí yíyí orúkọ fáìlì láti .exe sí .dmg, irú fáìlì tí Mac ń lò, kò fi lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín sọ .exe di ti Mac lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún un. Fáírọ́ọ̀sì lè wà nídìí irú rẹ̀.

Ọdún 1993 làwọn kan bẹ̀rẹ̀ software kan tó ń jẹ́ Wine nítorí ìṣòro yìí. Alexandre Julliard gba ìdarí rẹ̀ ní 1994, kò sì tíì fi í sílẹ̀. Wine á jókòó sáyè Windows: bí software bá pè, Wine á jẹ́ ẹ, á gbé iṣẹ́ náà fún Linux, á sì mú èsì padà wá. Microsoft kò fún wọn ní kóòdù rẹ̀ o! Ńṣe ni wọ́n ń wo bí Windows ṣe ń dáhùn, tí wọ́n sì ń kọ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹfà 2008 ni ẹ̀dà 1.0 tó jáde, lẹ́yìn ọdún 15. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi ń fún gbogbo ayé. Lójú tèmi, iṣẹ́ akọni ni. Òun náà ni Valve, ilé-iṣẹ́ géèmù, gùn lé lórí ní 2018 láti ṣe Proton, tí géèmù Windows rẹpẹtẹ fi ń ṣiṣẹ́ lórí Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká wọn, tó jẹ́ pé Linux ló wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló máa ṣí o. Àwọn géèmù kan tó ń ṣọ́ ojoro kì í gbà, software tó ń bá ẹ̀rọ pàtó kan ṣiṣẹ́ náà máa ń ṣagídí. Fún irú software bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbìyànjú láti fi Windows sínú VirtualBox, software tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà yín, bí RAM yín bá tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nísinsìnyí torí pé October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ ọwọ́ wa ni kò lè gba Windows 11, bẹ́ẹ̀ Linux á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí wọn. Software kan ṣoṣo, bóyá ti ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù, ló ń dẹ́rù ba ẹlòmíràn láti kúrò lórí Windows. Ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Wine han àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti fẹ́ ta laptop yín ní ẹ̀dínwó, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ software yẹn nínú AppDB, àkójọ software tí wọ́n ti fi Wine dán wò, lórí winehq.org, àwọn tó ti dán an wò ti kọ bó ṣe ṣe sí wọn síbẹ̀.