Ẹ Yé Bi Mí Pé Ìgbà Wo Ni Mo Ń Lọ
Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà sí ìlú tí mo ti gbé rí, ìlú tí mo fẹ́ràn bí ẹyinjú, n kò tíì sọ àpò kalẹ̀ tí wọ́n á fi bi mí pé, "Ìgbà wo lo ń padà?" Padà síbo? Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni!

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo dúró síwájú ilé tí mo gbé fún ọdún 9. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ibi tí kọ́kọ́rọ́ mi máa ń ha lára rẹ̀ ṣì hàn lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Mo fọwọ́ kàn án, omi bọ́ lójú mi. Àfi gbàà tí ẹnìkan yọ sí mi: "Ta lẹ ń wá? Ṣé ẹ ṣìnà ni?" Èmi! Ní àdúgbò tí mo lè rìn já bí wọ́n bá tilẹ̀ di mí lójú!

Àwọn ọ̀rẹ́ mi náà ńkọ́, tí wọ́n ń júwe ọ̀nà tí èmi gan-an kọ́kọ́ mú wọn gbà? Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò, síbẹ̀ ó ń dùn mí wọra. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Ẹ jẹ́ kí n sunkún mi tẹ́ra mi lọ́rùn.