Ta ló sọ pé inú igbó ni àntírópọ́lọ́jì ń gbé?

Ẹni tó bá sọ fún àwọn ará ilé pé àntírópọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àṣà wọn, lòun fẹ́ kà ní yunifásítì kò ní pẹ́ gbọ́ ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Èkejì: ṣé àwọn tí kò tíì lajú, tí wọ́n wà ní erékùṣù jíjìnnà, lo fẹ́ lọ máa wò ni? Ohun tó wà nídìí ìbéèrè yìí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àntírópọ́lọ́jì ló ni "àwọn ará ìgbàanì", pé sosiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ló ni àwọn ìlú ńlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní pàápàá ń gbé èrò náà wọ kíláàsì.

Kò ṣàdédé wáyé. Ní 1877, Lewis Henry Morgan, ará Amẹ́ríkà, to gbogbo ìran ènìyàn sí ìpele mẹ́ta: ìgbé ayé ẹhànnà nísàlẹ̀, àìlajú láàárín, ọ̀làjú lókè. Ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ta ni wọ́n gbé sókè. Tí ìpele bá ti wà, ó rọrùn láti pín iṣẹ́: ẹ̀ka kan fún àwọn tòkè, òmíràn fún àwọn tìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ẹ̀ka méjèèjì ṣe gan-an. Lóòótọ́, Franz Boas, àgbà àntírópọ́lọ́jì, gbé láàárín àwọn Inuit, ọmọ onílẹ̀ ilẹ̀ yìnyín, ní Baffin Island ní Kánádà ní 1883 sí 1884. Òun kan náà ló darí iṣẹ́ tó wọn orí àti ara àwọn aṣíkiri àtàwọn ọmọ wọn ní New York, èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000. Ó ní ìrísí orí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti òbí wọn, èyí tí kò dùn mọ́ àwọn tó gbà pé orí ìran kan kì í yí padà. Ẹ wá wo Émile Durkheim, àgbà sosiọ́lọ́jì: ẹ̀sìn àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ló kọ̀wé lé lórí ní 1912, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn rí.

Bí ìyàtọ̀ kankan bá wà, ọ̀nà ìwádìí ló wà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń wádìí. Nígbà tí Durkheim fẹ́ mọ ìdí tí èèyàn fi ń pa ara rẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn ìjọba Yúróòpù ló kó jọ tó ń fi iye wéra, ó sì gbé e jáde ní 1897. Àntírópọ́lọ́jì ní tirẹ̀ ní: lọ jókòó tì wọ́n, gbọ́ èdè wọn, kí o pẹ́ níbẹ̀. Bronisław Malinowski ṣe bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù Trobriand, ní Papua New Guinea òde òní, láàárín 1915 sí 1918. Ó bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi la òkun kọjá nítorí ẹ̀gbà ọrùn pupa àti ẹ̀gbà apá funfun tí wọ́n fi ìkarahun òkun ṣe, tí ẹnikẹ́ni kì í mú sọ́wọ́ pẹ́. Ẹ̀gbà ọrùn ń gba apá kan yí àwọn erékùṣù ká, ẹ̀gbà apá ń gba apá kejì bọ̀. Ẹni tó bá wò ó fìrí yóò pè é ní eré ọmọdé. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ yóò rí i pé iyì, ọ̀rẹ́ ìlú dé ìlú àti òwò gidi ló ń bá a rìn. Pípẹ́ nìkan náà kò sì tó o: Annette Weiner, onímọ̀ àntírópọ́lọ́jì mìíràn, dé ibẹ̀ ní 1971, ó bá àwọn obìnrin tí wọ́n ń pín ìdì ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi ìnáwó òkú. Ọrọ̀ gidi ni, Malinowski kò sì kà á sí tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1956, Horace Miner, onímọ̀ àntírópọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ẹ̀yà kan tó pè ní Nacirema. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ojúbọ, àpótí oògùn wà lára ògiri ibẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń ki ìdì irun ẹlẹ́dẹ̀ kékeré bọ ẹnu pẹ̀lú ìyẹ̀fun idán. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ láìsọ nǹkan kan. Àwọn kan á máa káàánú ẹ̀yà náà títí ẹnìkan á fi ka orúkọ yẹn láti ẹ̀yìn wá: American. Balùwẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó di 1972, Laura Nader, onímọ̀ àntírópọ́lọ́jì, là á mọ́lẹ̀: kí ló dé tó jẹ́ àwọn aláìní là ń tú wò, tí a kì í tú àwọn alágbára wò? Àwọn kan ti ń ṣe é látìgbà náà. Bruno Latour wọ ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Salk Institute, Kalifóníà, bí ẹni wọ abúlé, òun àti Steve Woolgar sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1979. Karen Ho gbaṣẹ́ ní báńkì ní Wall Street, ojúkò àwọn báńkì ńlá ní New York, ó sì padà lọ ṣèwádìí níbẹ̀. 2009 ni ìwé tirẹ̀ jáde. Ó bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣà láti yunifásítì Harvard àti Princeton, tí wọ́n ń sọ fún pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó wọn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ di òru, tí iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́sàn-án gangan. Ayé tó mọ́ wọn lára nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi ń gba àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn nímọ̀ràn: ẹ dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n dá Ho alára dúró lẹ́nu iṣẹ́.