Eré ẹni tó gbé àsíá kò rọrùn

Akọ̀ròyìn kan sọ pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni ti àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti gbé àsíá ṣáájú ẹgbẹ́ nínú ìje ọ̀nà jíjìn, káwọn tó ń tẹ̀ lé wọn lè parí ní àkókò kan pàtó, torí wọ́n lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Haba! Ẹni tó máa kó èrò dé òpin máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 4 gbọ́dọ̀ máa fi ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 41 sá kìlómítà kọ̀ọ̀kan, títí kìlómítà 42.195 á fi pé, tòun ti àsíá tí atẹ́gùn ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Níbẹ̀rẹ̀, ara gbogbo èèyàn á máa yá gágá, òun ni yóò dá wọn lẹ́kun kí wọ́n má sáré jù. Aago ọwọ́ gan-an ń tanni: béèyàn bá ń yà fún èrò, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òde níbi tí ọ̀nà ti yí, ibi tó sá á gùn sí i, aago á sì ti ka kìlómítà pé kó tó kan àmì kìlómítà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àmì yẹn ni kó máa wò. Níbi omi, ẹni tó mọṣẹ́ á dẹwọ́ díẹ̀ káwọn tó ń mu lè bá a. Àwọn kan kì í ṣe é o; wọ́n á gúnlẹ̀ lásìkò, àwọn nìkan, tàsíá-tàsíá. Ta ni wọ́n wá ṣáájú?